Ọbáfẹ́mi Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Irú Ìtàn Wo Ni Ìjàkadì Amẹ́ríkà Ń Fi Wá Sọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú eré wò ó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ẹni tí ń sunkún bá ní láti máa ríran, kí ni ká wá sọ fún ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń pàtẹ́wọ́, tó sì ti gbàgbé ara rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, jókòó, à ń wo ìjàkadì àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iná kú nínú gbọ̀ngàn, orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ni ọkùnrin dúdú kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá yọ. Kò sáré, kò fò; ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun. Akéde ké orúkọ rẹ̀: "Oba Femi!" Ọmọ náà ta gìrì. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ bí? Yorùbá ni wọ́n sọ yẹn!" Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjà ti wọ̀ wọ́n lára, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń jà ni, àbí wọ́n kàn ń tàn wá?"

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jẹ́ kí n tètè sùn lóru ọjọ́ náà. Ọ̀kan jẹ́ ìyanu, èkejì jẹ́ ìbéèrè. Mo rí i pé bí a kò bá dáhùn èkejì, a kò ní lè mọ ohun tí ó yẹ ká fi èkínní ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òótọ́ àti irọ́ sí àyè rẹ̀, nítorí òun ni àwọn ènìyàn fi máa ń pa ọ̀rọ̀ náà tì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ìdíje bí ti Òlíńpíìkì. Wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí agogo tó dún. Àwọn tó ni ín kò tilẹ̀ fi bò mọ́. Ní ọdún 1989, ilé-iṣẹ́ tí à ń pè ní WWE lónìí, tó ń jẹ́ WWF nígbà náà, jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé ìdánilárayá ni iṣẹ́ àwọn, pé kì í ṣe ìdíje gidi, kí ìjọba lè yọ wọ́n kúrò lábẹ́ òfin tó de àwọn eré ìdárayá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pariwo lónìí pé "irọ́ ni wọ́n ń pa" kò tú àṣírí kankan fún ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ènìyàn àgbáyé, àwa Yorùbá ni kò yẹ kí èyí rú lójú. Àwa la ní eégún alárè. A mọ̀ pé ènìyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀kú, a kì í sì í sọ ọ́ lójú agbo. Apidán yóò di ère, yóò di ọ̀bọ, yóò di òyìnbó onímú gọn-gọn, kò sí àgbàlagbà kan tí yóò dìde láàárín agbo kí ó ní, "Ẹ má gbà á gbọ́, ọmọ ilé wa ni!" Ohun tí a máa ń bi ara wa nígbà tí a bá ń padà lọ sílé ni pé: ǹjẹ́ ó ṣe é dáadáa? Ta ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé yẹ̀yẹ́ náà sì tọ́ sí ẹni náà? Kí ni ọmọ wa rí kọ́ níbẹ̀? Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni mo fẹ́ fi wọn ìjàkadì àwọn ará Amẹ́ríkà. Mi ò ní béèrè ẹni tó lágbára jù. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú ìtàn tí wọ́n ń fi ara wa sọ.

Ẹ rántí pé ohun ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni à ń sọ. Ètò tí wọ́n ń pè ní Raw bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ó ti bọ́ sórí Netflix. SmackDown tẹ̀ lé e ní ọdún 1999. NXT, èyí tó máa ń wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn òǹjà titun. Bọ́ọ̀lù ní àkókò ìsinmi. Ìjàkadì yìí kò ní. Ọmọ tó bá ń wo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yóò gbọ́ ìtàn nígbà àádọ́ta láàárín ọdún kan. Òbí mélòó nínú wa ló ń pa àlọ́ fún ọmọ rẹ̀ nígbà àádọ́ta lọ́dún? Bí ẹlòmíràn bá ń bá wa pàlọ́ fún ọmọ wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dára jù lọ. Kofi Kingston, ẹni tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Gánà, yọjú sórí tẹlifíṣọ̀n WWE ní ọdún 2008. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe: wọ́n ní ará Jàmáíkà ni, ó sì ń fi ohùn àwọn ará Jàmáíkà sọ̀rọ̀. Kofi! Orúkọ tí gbogbo ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń bí ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ ní ilẹ̀ Gánà! Nígbà tó yá, wọ́n jẹ́ kí ohùn Jàmáíkà náà pòórá, wọ́n sì jẹ́ kí ọkùnrin náà padà di ọmọ Gánà.

Ọdún 11 ni ó fi jà láìjẹ́ pé wọ́n fi í ṣe olórí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ẹnì kan fara pa, ni wọ́n bá fi Kofi dí àyè rẹ̀. Ní SmackDown ọjọ́ 12 oṣù náà, ó jà fún ohun tó lé ní wákàtí kan, bí ọ̀kan ti ń jáde ni òmíràn ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó fi ẹ̀yìn ẹni mẹ́ta balẹ̀ kí wọ́n tó borí rẹ̀, Daniel Bryan tí í ṣe olórí wọn sì wà lára àwọn mẹ́ta náà. Àwọn òǹwòran rí i, wọn kò sì gbà kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀. Nínú eré náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, Vince McMahon, ń yí àdéhùn padà: bí Kofi bá ṣe ohun tí ó ní kí ó ṣe, yóò tún wá òmíràn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fo orúkọ yín dá rí nígbà ìgbéga, ẹ kò nílò ògbufọ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2019, ní WrestleMania 35 ní New Jersey, òun àti Daniel Bryan kojú ara wọn. Mo ti wo ìjà náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìjà náà lé ní ogún ìṣẹ́jú. Bryan, tó mọ iṣẹ́ náà dénú, kò jẹ́ kí ó rọrùn. Ó ń wọ́n ìṣẹ́gun fún un ní ṣíbí-ṣíbí, bí ìgbà tí ìyá oníyọ̀ bá ń bu iyọ̀. Nígbà tí Kofi fi ẹsẹ̀ gbá a lórí, tí rẹfirí sì ka ení, èjì, ẹ̀ta, àwọn ọmọ rẹ̀ wọ inú agbo wá bá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, Big E àti Xavier Woods, ń da omi lójú bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde ilé-ìwé. Wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí tẹ́lẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀ ẹkún náà kì í ṣe ẹkún eré. Òun ni ọmọ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ WWE tó ga jù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ta mí lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún náà, lórí SmackDown, Brock Lesnar gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ Kofi. Ìjà náà kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ó gbé e léjìká, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó parí. Mi ò bínú pé ó pàdánù. Ọba ń wàjà, ọba titun ń jẹ. Ohun tó dùn mí ni pé a kì í fi ọdún 11 kọ́ ilé kí a fi àkókò tí ènìyàn fi ń sín wó o. Nínú ìtàn gidi, ìṣubú alágbára ní ìwúwo tirẹ̀. Àwọn tó kọ eré yìí ṣe é bí ẹni tó ń nu tábìlì kí àlejò mìíràn tó jókòó. Ọmọ tó ń wò ó yóò kọ́ pé bí irú wa bá dé orí àga, àlejò la jẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé wa gan-an. Apollo Crews ni orúkọ eré ọkùnrin tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Sesugh Uhaa. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, orúkọ Tiv sì ni orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń fi ohùn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí ohùn rẹ̀ nìyẹn. Àfi bí ó ṣe di ọdún 2021 tí ohùn náà yí padà lójijì. Wọ́n ní ọmọ ọba Nàìjíríà ni. Ó gbé ọ̀kọ̀ dání. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn wa láti inú fíìmù tí àwọn òyìnbó ṣe.

Mo fẹ́ béèrè: ọba ìlú wo? A ní Tor Tiv, a ní Aláàfin, a ní Ọba ìlú Benin, a ní àwọn Ẹ́míà. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò ní ọba kan ṣoṣo. Ibì kan ṣoṣo tí "ọmọ ọba Nàìjíríà" ti gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà ni inú lẹ́tà àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tó kọ eré yìí kò lè ní òun kò mọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2021, ní WrestleMania 37 ní ìlú Tampa, wọ́n ṣe ìjà kan láàárín òun àti Big E. Wọ́n pè é ní ìjà ìlù Nàìjíríà. Wọ́n to ìlù yí agbo ká, wọ́n sì ní kò sí òfin. Ìjà náà kò pẹ́. Ọkùnrin gàgàrà kan tó wọ aṣọ bí ológun já wọlé, ó kọlu Big E, Crews sì borí. Commander Azeez ni wọ́n pe ẹni náà. Orúkọ gidi rẹ̀ ni Babatunde Aiyegbusi. Ilẹ̀ Poland ni wọ́n ti bí i, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Babátúndé, orúkọ tó ní ìtàn nínú, tó ń sọ pé bàbá tó lọ ti padà wá. Wọ́n gba orúkọ náà kúrò lára rẹ̀, wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ ológun.

Ní ti ìlù, ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìlù a máa sọ̀rọ̀. Dùndún lè ki ènìyàn, ó sì lè bú ènìyàn tí ẹni náà yóò fi sá kúrò lágbo. Nínú ìjà tí mo ń sọ yìí, ìlù kò sọ nǹkan kan. Ohun ọ̀ṣọ́ ni, ohun tí wọ́n ń gbá ara wọn lù ni. Mi ò mọ ìran kankan ní Nàìjíríà tó ń fi ìlù jà. Wọ́n kó ohùn wa dání, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dànù.

Ṣé kí n wá bú Crews? Rárá o. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó gbé ọ̀kọ̀ mọ̀ pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí yóò gbé e bí òun bá kọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi í ṣe ọmọ ọba yìí náà ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ Intercontinental fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ ọdún náà. Èyí gan-an ló yẹ kó bà wá nínú jẹ́: ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó lè fò bí ológbò pẹ̀lú ara tó wúwo bí ti màlúù, kò rí àyè tó dára àfi ìgbà tí ó gbà láti ṣe àfarawé ara rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ìlù yẹn, ní ìlú Tampa kan náà, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ja ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀. Tolulope Omogbehin ni orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù agbọ̀n ni ó kọ́kọ́ gbá ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Òun ni wọ́n ń pè ní Omos. Ẹ tún wo orúkọ: Tolúlọpẹ́, èyí tó sọ pé Olúwa ni ọpẹ́ tọ́ sí, lọ sí ìgbàgbé, wọ́n gé orúkọ ìdílé sí méjì, wọ́n mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Òun àti AJ Styles ni wọ́n jọ kojú Kofi Kingston àti Xavier Woods. Bí eré, mo yin ẹni tó tò ó. Fún ìgbà pípẹ́, Kofi àti Woods kò jẹ́ kí Styles fọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀. Òmìrán náà kàn dúró ní igun, ó na ọwọ́, gbogbo ènìyàn sì ń dúró dè é. Nígbà tó wọlé níkẹyìn, ìjà ti parí. Styles tilẹ̀ gun èjìká rẹ̀ kí ó tó fò lu ọ̀kan nínú àwọn alátakò wọn. Omos wá gbé Kofi sọ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé e láyà títí rẹfirí fi kà á tán. Ọmọ Èkó gbé ẹsẹ̀ lé ọmọ Gánà láyà! Àwọn tó ń jiyàn lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti lè fi èyí ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, kí ló kù? Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Wọ́n fún Omos ní agbára, wọn kò fún un ní èrò. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò ní ìfẹ́, tí kò ní ìbẹ̀rù, òkè lásán ni. A kì í ṣe nǹkan méjì pẹ̀lú òkè nínú ìtàn, àfi kí ẹlòmíràn gùn ún. Ní WrestleMania 39, ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Brock Lesnar gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí kí Lesnar lè gbé e ni wọ́n ṣe fi í sí ibẹ̀.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ Oba Femi ṣe wá dá yàtọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Isaac Odugbesan. Èkó ni wọ́n ti bí i. Jíju irin ni ó fi gbajúmọ̀ ní yunifásítì Alabama kí ó tó di òǹjà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, lórí NXT, ó gba àmì-ẹ̀yẹ North American lọ́wọ́ Dragon Lee, ará Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí Lee ti ja ìjà mìíràn tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó di í mú fún ọjọ́ 273, títí tí Tony D'Angelo fi gbà á ní oṣù kẹwàá. Kò sí ẹni tó tíì di àmì-ẹ̀yẹ náà mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nínú ìjà ẹlẹ́ni-mẹ́ta pẹ̀lú Trick Williams àti Eddy Thorpe, ó gba àmì-ẹ̀yẹ NXT tó ga jù lọ.

Ẹ wo ohun tí wọn kò ṣe fún un. Wọn kò kó ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ ní ohùn. Ohùn tí ó gbé ti ilé wá ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n sì jẹ́ kí orúkọ náà ṣiṣẹ́. Orúkọ náà sì jinlẹ̀ ju bí àwọn tó ń pè é ti mọ̀ lọ. Bí a bá so ó pọ̀, Ọbáfẹ́mi ni, ọba ló fẹ́ràn mi, orúkọ tí olóògbé Awólọ́wọ̀ sọ di mímọ̀ káàkiri ayé. Bí a bá gé e sí méjì bí wọ́n ti ṣe, oyè ló di: Ọba Fẹ́mi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dárúkọ oyè kí a tó dárúkọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí ọba fẹ́ràn ti di ọba fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló lè gbádùn èyí tán. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi fò sókè lórí ìjókòó, ohun tó gbọ́ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀.

Mo yìn ín, ṣùgbọ́n mi ò ní yìn ín tán. Ìjà rẹ̀ dára láti wò: kì í ṣe wàdùwàdù, kò sì sí ìgbésẹ̀ tó ń ṣòfò. Síbẹ̀, títí di ìgbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá yẹn, agbára ṣáá ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Lọ́dọ̀ wa, ọba ju agbára lọ. Ọba ní àwọn ìjòyè tó ń gbà á nímọ̀ràn, ó ní èèwọ̀, ó sì ní àwọn ará ìlú tó lè kọ̀ ọ́. Bí àwọn tó ń kọ eré náà bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ọba, ìtàn kò wọ́n wọn níhìn-ín. Kí wọ́n kàn béèrè ni.

Mo ṣì jẹ yín ní ìdáhùn kan. Ọmọ náà béèrè bóyá òótọ́ ni wọ́n ń jà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2022, lórí SmackDown, wọ́n gbé Big E kan náà sọ sẹ́yìn lóde agbo, ó fi orí balẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ sì fọ́ ní ojú ibi méjì. Láti ọjọ́ náà, kò tíì jà mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òrùlé gbọ̀ngàn ní Kansas City kí ìwọlé rẹ̀ lè dùn ún wò. Ó já bọ́, ó sì kú. Irọ́ kì í fọ́ ọrùn. Àdéhùn ni ẹni tí yóò borí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣubú lé kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Àwọn wọ̀nyí fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ti í ṣubú, síbẹ̀ nǹkan ń ṣe wọ́n. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ tó ń gbé àbúrò wọn sọ mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìkìlọ̀ tó máa ń jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n má ṣe é nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ó yẹ kí òbí fi Yorùbá tún un sọ, kí ó sì jókòó tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwa fúnra wa. Àwọn tó dàgbà ṣì rántí Power Mike, Michael Okpala, tí orúkọ rẹ̀ kún ẹnu ọmọdé ilẹ̀ yìí nígbà kan. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì àwọn ará Ọ̀ffà rí mọ̀ pé ìjàkadì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran kan lọ́dọ̀ wa kí òyìnbó tó mú okùn yí agbo ká. Lónìí, a ní Odunayo Adekuoroye, ọmọbìnrin tó gba wúrà Ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, tó sì gba fàdákà àgbáyé ní 2017. A ní Blessing Oborududu tó gba fàdákà ìjàkadì ní Òlíńpíìkì Tokyo. Ìjà ti àwọn wọ̀nyí kò ní àdéhùn kankan nínú. Mo bi ọmọ-ọmọ mi bóyá ó mọ̀ wọ́n. Kò mọ̀ wọ́n. Kò jẹ̀bi, ta ni ó fi wọ́n hàn án?

Kì í ṣe pé mo ní kí a pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí a máa wò ó pẹ̀lú ẹnu tiwa. A ní àwọn tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò tí ara gbogbo ènìyàn fi ń yá gágá; kí ló dé tí ẹnì kan kò fi Yorùbá ṣàlàyé ìjàkadì, kí ó ki Ọbáfẹ́mi bí ó ti yẹ kí a ki í, kí ó sì fi àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣe òkè rẹ́rìn-ín? Kí ló dé tí ilé tẹlifíṣọ̀n wa kò lè gbé ìjà Adekuoroye kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ wò ó kí ó tó wo ti àwọn ará Amẹ́ríkà? Bí a kò bá sọ ìtàn ara wa, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́, yóò sì fi ọ̀kọ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Eré ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, ara kì í sì í ṣeré." Ó rò ó díẹ̀, ó ní kí n bá òun kọ orúkọ ọba náà sílẹ̀ sínú ìwé òun, nítorí òun kò mọ ibi tí àmì yóò wà. Mo mú kálàmù, mo kọ ọ́: Ọbáfẹ́mi. Mo ní kí ó pè é. Ó pè é dáadáa ju akéde lọ.